Kí Wọ́n Tó Gé Ẹsẹ̀ Náà

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi dúró ti àwọn dókítà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo bá wá lónìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, télọ̀ ni. Àgbowó ní Ìbàdàn ló ti ń ránṣọ, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì. Ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bí òun bá rìn díẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun òun á le gbagidi, á máa ro òun. Bí òun bá sì dúró díẹ̀, á fi òun sílẹ̀. A ní àgbà ló dé. Kò pẹ́ sí i, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dúdú. Àwọn kan ní ó tẹ nǹkan ni. Wọ́n gbé àgbo wá, wọ́n gbé ìpara wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn kan, wọ́n wo egbò náà, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n ní àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Kò sí ẹnì kankan tó fi ìka kan ẹsẹ̀ náà láti mọ̀ bóyá iṣan ń lù níbẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò bèèrè. Ẹ̀rù ti bà mí, mo ti gbàgbé ohun tí mo mọ̀. Wọ́n gé e.

Mi ò sọ pé ẹsẹ̀ náà ì bá yè dandan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kí n bi wọ́n lọ́jọ́ náà, tí mi ò bi wọ́n. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́ lónìí, kí ọjọ́ tiyín má bàa rí bí tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀jẹ̀. Oríṣi iṣan ńlá méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ara wa. Àkọ́kọ́ ni iṣan àlọ: òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tútù láti ọkàn lọ sí apá, sí ẹsẹ̀, sí ibi gbogbo. Agbára ọkàn ló ń tì í, ìdí nìyẹn tí ó fi ń lù bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án. Ìkejì ni iṣan àbọ̀: òun ló ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Bí ìtọ̀ ṣúgà bá pẹ́ lára, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí ènìyàn bá ń mu sìgá, ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan àlọ, á máa le, á máa dí ojú ọ̀nà, bí ìpẹtà ṣe ń dí páìpù omi àtijọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ẹsẹ̀ á dín kù. Ẹni náà á máa dúró sinmi lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ á máa ro ó lóru, á sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn kí ara lè tù ú. Nígbà tó bá yá, egbò kékeré tí bàtà dá sí i kò ní jinná mọ́. Oúnjẹ kò dé ibẹ̀, báwo ni yóò ṣe jinná?

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀yin lẹ máa tètè lóye èyí. Bí Dùgbẹ̀ bá dí pa, tí ẹ ń ti Bódìjà lọ sí Challenge, ẹ kò ní sùn síbẹ̀. Ẹ ó yà sí Iwo Road, ẹ ó bọ́ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ ó sì yọ sí Challenge. Dùgbẹ̀ ṣì dí, ṣùgbọ́n ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ. Ohun tí àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ iṣan ń ṣe gan-an nìyẹn. Báípáàsì ni wọ́n ń pè é. Wọn kò ní kí ìdíwọ́ náà kúrò. Wọ́n á mú ọ̀nà mìíràn, wọ́n á so ó mọ́ iṣan àlọ lókè ibi tó dí, wọ́n á so ìdí rẹ̀ mọ́ iṣan àlọ nísàlẹ̀ ibi tó dí, ẹ̀jẹ̀ á sì gba ẹ̀bùrú kọjá.

Níbo ni wọ́n ti rí ọ̀nà mìíràn yẹn? Nínú ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni. Iṣan àbọ̀ gígùn kan wà lábẹ́ awọ ara. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú kókósẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ inú, ó gba ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ gòkè, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún, ó gba inú itan títí dé ibi tí itan ti pàdé ikùn. Òun ni iṣan àbọ̀ tó gùn jù nínú ara ènìyàn. Bí wọ́n bá yọ ọ́, àwọn iṣan àbọ̀ tó wà nísàlẹ̀ nínú ẹran á máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ kò ní kú nítorí rẹ̀. Ó dà bí aṣọ tí ìyá fi pa mọ́ sínú àpótí. Ọjọ́ tí aṣọ ọmọ bá ya, òun ni wọ́n máa fi lẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1894, wọ́n gún Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Sadi Carnot, lọ́bẹ ní ìlú Lyon. Iṣan ńlá kan nínú rẹ̀ já, àwọn dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kò sì lè rán an. Ààrẹ náà kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ìlú náà, Alexis Carrel, kò lè gbàgbé rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń fi òwú ṣe ọnà sára aṣọ ló ti lọ kọ́ bí a ṣe ń lo abẹ́rẹ́ tín-ín-rín. Ó wá ọ̀nà láti rán ẹnu iṣan méjì pọ̀ láìjẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí ojú rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1912. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 1948, dókítà Jean Kunlin ní Paris fi iṣan àbọ̀ ẹsẹ̀ aláìsàn kan ṣe báípáàsì fún ẹsẹ̀ onítọ̀hún. Ọdún 1948 yẹn náà ni wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn wa níbí. Ọdún 1957 ni ilé ìwòsàn rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní UCH, ṣí sí Oríta Mẹ́fà. Ẹ rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ àná. Iṣẹ́ yìí àti ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ìlú yìí, ẹgbẹ́ ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú iṣan àbọ̀ tó mú kí iṣẹ́ náà gba ọgbọ́n. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú rẹ̀, tó máa ń ṣí sí apá ọkàn, tó sì máa ń tì bí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ padà sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gba inú rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn á dí i lọ́nà. Ọgbọ́n méjì ni wọ́n ń lò. Èkíní ni ti Kunlin: kí wọ́n yọ iṣan náà jáde pátápátá, kí wọ́n yí i padà, kí orí rẹ̀ di ìdí. Ilẹ̀kùn gbogbo á wá máa ṣí sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹnu tó tín-ín-rín, ti apá kókósẹ̀, ni yóò pàdé iṣan àlọ tó tóbi ní itan, ẹnu tó tóbi á sì pàdé èyí tó kéré nísàlẹ̀. Èkejì ni pé kí wọ́n fi iṣan náà sílẹ̀ lórí ibùsùn rẹ̀, kí wọ́n kàn ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ẹnu mímú sínú rẹ̀ láti gé àwọn ilẹ̀kùn náà kúrò, kí wọ́n sì di gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Dókítà Karl Victor Hall ní Oslo, lórílẹ̀-èdè Norway, kọ̀wé nípa fífi iṣan náà sílẹ̀ lórí ibùsùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1962. Èyí tó tóbi á pàdé èyí tó tóbi, èyí tó kéré á pàdé èyí tó kéré. Méjèèjì dára lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n bá wá ní àwọn fẹ́ yọ iṣan náà, báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́? Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń fi ojú lásán yan nǹkan.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n la awọ ara gbọọrọ, láti ibi tí itan ti pàdé ikùn títí dé ìsàlẹ̀ orúnkún, nígbà mìíràn títí dé kókósẹ̀. Dókítà á rí iṣan náà gedegbe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Á fi òwú di ẹ̀ka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìdí láti fà á, kò sí ìdí láti fún un. Iṣan náà á jáde ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ gùn. Lára ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń sunkún ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọgbẹ́ gígùn lè kẹ̀, etí rẹ̀ lè kú, ẹsẹ̀ lè wú. Iṣan ìmọ̀lára tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan àbọ̀ yìí lè fara gbọgbẹ́, kí ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ máa kú tipiri.

Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n la á ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n fi awọ sílẹ̀ láàárín bí afárá, kí wọ́n sì máa gba abẹ́ afárá náà yọ iṣan. Ọgbẹ́ kéré. Ṣùgbọ́n abẹ́ afárá ṣókùnkùn. Bí ẹni tó ń ṣe é kò bá ní sùúrù, á máa fa iṣan náà kó lè rí ẹ̀ka rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ti kámẹ́rà. Wọ́n á la ojú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta lọ. Wọ́n á ti ọ̀pá tó ní kámẹ́rà lẹ́nu wọlé, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú kí àyè lè wà, wọ́n á máa wo iṣan náà lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á sì máa jó ẹ̀ka rẹ̀ pa. Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Àpá rẹ̀ kéré, aláìsàn á tètè dìde rìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, iná kò gbọdọ̀ lọ lórí rẹ̀, ó sì gba ẹni tó ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ ọn.

Bí ẹ bá bi ẹni tó dùbúlẹ̀, yóò ní òun fẹ́ ti kámẹ́rà. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwádìí fi hàn. Wọ́n ń lo iṣan ẹsẹ̀ kan náà yìí fún báípáàsì ọkàn. Ní ọdún 2009, wọ́n gbé àyẹ̀wò jáde ní Amẹ́ríkà lórí 3000 ènìyàn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún. Láàárín oṣù 12 sí 18, iṣan ti dí tàbí ó ti ń dí lára 47 nínú 100 àwọn tí wọ́n fi kámẹ́rà yọ tiwọn. Lára àwọn tí wọ́n la gbọọrọ, 38 nínú 100 ni. Ọkàn gbogbo ènìyàn dàrú. Àmọ́ ní ọdún 2019, ìwádìí mìíràn jáde, lórí 1150 ènìyàn. Bí ìbò bá ṣe mú ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe fún un, kì í ṣe pé dókítà yàn án, àwọn tó fi kámẹ́rà yọ ọ́ sì jẹ́ ọ̀gá nídìí rẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ kan gbòógì nínú ikú àti àìsàn ọkàn. Àkóràn ojú ọgbẹ́ ló fi dín kù: ìpín 1.4 nínú 100 fún kámẹ́rà, ìpín 3.1 nínú 100 fún èyí tí wọ́n là.

Kí ló yàtọ̀ láàárín ìwádìí méjèèjì? Ó jọ pé ọwọ́ tó ṣe é kó ipa ńlá. Ògiri inú iṣan fẹ́lẹ́ ju awọ tó wà nínú èèpo ẹyin lọ. Bí wọ́n bá fà á, bí wọ́n bá fún un, bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ fín omi sínú rẹ̀ tipátipá kó lè wú, ògiri náà á fàya. Ojú kò ní rí i. Ibi tó ya yẹn ni ẹ̀jẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Báípáàsì ẹsẹ̀ sì le ju ti ọkàn lọ ní ti èyí: iṣan tí wọ́n nílò gùn, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ nísàlẹ̀ há. Àwọn àkọsílẹ̀ kan tí àwọn oníṣẹ́ abẹ iṣan ní Amẹ́ríkà kó jọ lórí ẹsẹ̀ fi hàn pé iṣan tí wọ́n fi kámẹ́rà yọ tètè ń dí ju èyí tí wọ́n là lọ. Nítorí náà, ẹ má fi kékeré àpá díwọ̀n iṣẹ́. Ẹsẹ̀ tó ní àpá gígùn tó ń rìn sàn ju ẹsẹ̀ tí kò ní àpá tí wọ́n padà wá gé lọ.

Mo ṣàlàyé èyí fún ẹ̀gbọ́n mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó jókòó nídìí maṣíìnì rẹ̀, ó gbọ́ mi tán, ó ní: "Àbúrò mi, ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi nìyẹn. Aṣọ tí o bá fẹ́ fi lẹ aṣọ, má fà á bí o bá ń gé e. Bí o bá fà á, kò ní hàn lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀yìn tí o bá rán an tán ni yóò sún kì." Mo ti jókòó gbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n. Mi ò tíì gbọ́ èyí tó ṣàlàyé rẹ̀ báyẹn rí.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí, kó má ṣe ronú pé ti Ìbàdàn kéré nítorí pé a kò ní ẹ̀rọ kámẹ́rà níbi gbogbo. Abẹ tó mú, òwú tó dára, iná tó mọ́lẹ̀, sùúrù, àti ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ tí wọ́n fi oògùn tí kì í jẹ́ kó dì sí, tí wọ́n á gbé iṣan náà sínú rẹ̀ kó má bàa gbẹ: ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ náà ń bèèrè ní pàtàkì. Kí wọ́n tó gbé abẹ rárá, skáànù ni kí wọ́n fi wo iṣan náà láti òkè dé ilẹ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó tó mìlímítà mẹ́ta ní ìwọ̀n, kí wọ́n fi báírò ya ọ̀nà rẹ̀ sára awọ. Ẹni tó bá ti ya ọ̀nà kò ní la ibi tí kò yẹ, ọgbẹ́ á sì kéré láìsí kámẹ́rà.

Ṣé iṣan yìí tó nǹkan tí à ń du bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 2022, ìwádìí ńlá kan jáde lórí 1830 ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn wà nínú ewu. Lára àwọn tí iṣan àbọ̀ wọn dára, wọ́n fi báípáàsì wé ọ̀nà ti bàlúùnù, èyí tí wọ́n ń gba inú iṣan àlọ ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé láti fi la ibi tó dí. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn tún bàjẹ́ tàbí tí wọ́n kú jẹ́ bíi 43 nínú 100 níhà báípáàsì, àti bíi 57 nínú 100 níhà bàlúùnù. Lára àwọn tí iṣan wọn kò dára, èrè yẹn kò sí. Ìwádìí kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sweden àti Denmark ní ọdún 2023 gba ibòmíràn lọ: fún àwọn tí iṣan àlọ wọn dí nísàlẹ̀ orúnkún, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi bàlúùnù ṣe ló ṣe dáadáa jù. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ wo aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní iṣan àbọ̀ rere nínú ẹsẹ̀, ọ̀nà méjì ló ní. Ẹni tó bá ti bà á jẹ́, ó ti ti ilẹ̀kùn kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín: bí aláìsàn bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má yára gún iṣan kókósẹ̀ rẹ̀ fún omi fínfín bí ọwọ́ bá wà. Ẹ̀ ń gún ohun tó lè gbà á là lọ́jọ́ iwájú.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń gé ẹsẹ̀ láìwo iṣan. Ní Mississippi, ní Amẹ́ríkà, dókítà ọkàn kan tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé tiwa ni, Foluso Fakorede, pariwo títí gbogbo orílẹ̀-èdè náà fi gbọ́: àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń gé ẹsẹ̀ wọn jù, ọ̀pọ̀ wọn láìṣe àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn níbẹ̀. Kó tó gbé oògùn dé, ìbéèrè ló gbé dé.

Ìbéèrè náà nìyí. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gé ẹsẹ̀ bàbá yín, ẹ bi wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé ẹsẹ̀ yìí? Ṣé dókítà oníṣẹ́ abẹ iṣan ti rí i?" Bí wọ́n bá sọ pé báípáàsì ṣeé ṣe, ẹ tún bèèrè: "Ṣé ẹ ti fi skáànù wo iṣan àbọ̀ rẹ̀? Báwo lẹ ṣe máa yọ ọ́, ọ̀nà wo sì ni ọwọ́ yín mọ́ jù?" Dókítà rere kò ní bínú. Bí ẹsẹ̀ bá ti rà jù, tí kòkòrò rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, gígé ló máa gba ẹ̀mí là, ẹ má ṣe jà. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ná.

Kí n tó lọ, ẹ bá mi ṣe ohun kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ bọ́ bàtà. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ dúró di ìgbà tí ẹ bá páàkì. Ẹ fi ìka méjì sí orí ẹsẹ̀, ní ọ̀gangan ibi tí okùn bàtà máa ń gbà kọjá. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ẹ wá a lẹ́yìn kókósẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ inú. Ẹ rọra, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù. Ṣé ó ń lù? Bí ó bá ń lù lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ẹ dúpẹ́. Bí kò bá lù, ẹ má fòyà, ẹlòmíràn wà tí kì í hàn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sùn lé e. Ẹ lọ sí UCH, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Ring Road, ẹ ní kí wọ́n bá yín wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń ránṣọ. Ẹsẹ̀ kan ló fi ń wa maṣíìnì. Bí àgbàlagbà bá wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó bá ti fi tépù wọn èjìká àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò tán, á ní kí wọ́n jókòó, á fi ọwọ́ rẹ̀ mú ìka wọn, á gbé e lé orí ẹsẹ̀ wọn. Á ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ ọ?" Kò ní jẹ́ kí wọ́n lọ títí wọ́n á fi dáhùn.

Ọlọ́run á fún wa ní ẹsẹ̀ tí a ó fi rìn dé ilé ayọ̀.